Láàárín Ó Tó àti Òótọ́

Ayùn náà tún kú. Ó ti wọ inú ìtì igi dé ìdajì, ó ń han gooro bó ṣe máa ń han, àfi bó ṣe falẹ̀ lójijì, tó mí kanlẹ̀, tó sì dúró. Gbogbo ilé ìlagi pa lọ́lọ́. Àwọn ọkùnrin tó wà nídìí iṣẹ́ yíjú padà, wọ́n ń wo ẹnì kan ṣoṣo láàárín ara wọn.

"Kí ni mo tún ṣe báyìí?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Kò ṣe ju pé ó dá èèyàn lóhùn lọ. Ẹnì kan ló sọ pé oòrùn ọjọ́ náà mú, òun náà sì fèsì pé, "Òótọ́ ọ̀rọ̀." Bó ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn nìyẹn. Bí o bá ní òjò máa rọ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí o bá ní kò ní rọ̀ mọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fi parẹ́ pátápátá níbi iṣẹ́, tí àwọn àgbà ń pè é ní Òótọ́-Ọ̀rọ̀, tí èmi tí mo jẹ́ ọmọdé sì ń pè wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀.

Bàbá mi, tí wọ́n di igi náà mú lápá kejì, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lójú. Wọn ò bínú. Ó ti rẹ̀ wọ́n ju kí wọ́n bínú lọ. "Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé láti àárọ̀," ni wọ́n sọ, wọ́n sì jókòó sórí pákó kí ẹ̀rọ náà tó tún jí.

Nílé ìlagi yẹn, bí wọ́n bá ti la igi tán, tàbí bí nǹkan bá fẹ́ ṣe èèyàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ké: "Ó tó!" Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Látijọ́, ọkùnrin kan máa ń dúró ti ọwọ́ ìpaná lára ògiri, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ayùn. Bó bá ti gbọ́ "Ó tó," á fà á wálẹ̀, iná á sì kú. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n fi máìkì kan sínú agolo, wọ́n so ó rọ̀ sókè ayùn, kó lè máa gbọ́ "Ó tó" kó sì máa pa iná fúnra rẹ̀.

Ìṣòro méjì ló bá a wá. Ti àkọ́kọ́ ni pé bí ariwo ayùn bá pọ̀, kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín "ó tó" àti "òótọ́." Ìyẹn kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Ìkejì ló ń ba bàbá mi lẹ́rù: ẹ̀rọ náà ń pẹ́. Ńṣe ló ń gba ohùn, tó ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá kan lókè òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rò ó, ibẹ̀ sì ni èsì ti ń padà bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Lójú ẹni tó jókòó, ìyẹn ò tó nǹkan. Àmọ́ bàbá mi ti fi igi wọ̀n ọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ayùn náà á jẹ igi tó gùn tó apá èèyàn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n máa ń na ọmọ-ìka wọn tí kò lórí mọ́ sókè. Ayùn ló gé e, kí ẹ̀rọ tó dé. "Ìyẹn ò sì gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan," ni wọ́n máa ń sọ. Nítorí náà, ọkùnrin tó ń dúró ti ọwọ́ ìpaná ò tíì kúrò níbẹ̀.

Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kékeré tó wà níbẹ̀, kí n máa ro ìrìn àjò tí ohùn bàbá mi ń rìn. Mo máa ń rí i bó ṣe ń gba inú wáyà lọ sábẹ́ òkun, tó ń kọjá lára àwọn ẹja, tó gúnlẹ̀ sínú yàrá tútù kan, tó sì tò sẹ́yìn àwọn ohùn mìíràn. Wọ́n á bi í pé kí ló wá ṣe. Á ní wọ́n ní kí òun wá béèrè bóyá kí àwọn pa ayùn. Wọ́n á ní kó jókòó ná. Nígbà tó bá fi máa padà, ta ló mọ ohun tó máa bá nílé?

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló wá wá nǹkan ṣe sí i. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni Àǹtí mi ń ṣe. Àkàbà léjìká, wáyà lọ́rùn, láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bàtà wọn ti gbàgbé àwọ̀ tó ní nígbà tí wọ́n rà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ bàtà náà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì tú àpótí funfun kan tí kò ju ìwé lọ sórí tábìlì. Ráútà ni, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún wọn pé ọ̀kan ti wà lára ògiri.

"Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ẹni tó ń pín lẹ́tà," ni Àǹtí mi dáhùn. "Á gba lẹ́tà, á gbé e lọ, kò ní ṣí i wò láé. Eléyìí lè ṣí i, á kà á, á sì fèsì fúnra rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kéré o, kò tó ti ẹni òkè òkun. Àmọ́ bí ilé ẹ bá ń jó, ta lo máa ké sí? Ọ̀mọ̀wé tó wà lókè òkun ni, àbí aládùúgbò ẹ?"

Nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ kéré, ohun tí a bá kọ́ ọ nìkan ló máa mọ̀. A ní láti gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ méjèèje sílẹ̀. Kí olúkúlùkù sọ "Ó tó" ní ọgọ́rùn-ún ìgbà: láàárọ̀ tí ara yá, nírọ̀lẹ́ tó ti rẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń bo imú, pẹ̀lú ariwo ayùn lẹ́yìn. Mo bẹ Àǹtí mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é. Mo ń wá iṣẹ́ àkànṣe tí màá fún tísà sáyẹ́ǹsì wa. Ọgbọ̀n máàkì ló wà fún un nínú ìdánwò àṣekágbá, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn.

Mo béèrè ìdí tí a ò fi kúkú pa ọ̀rọ̀ náà dà. Kí ló dé tí wọn ò lè máa ké "Dúró" tàbí "Paná"? Bàbá mi ló fèsì. Wọ́n ní ẹni tí ayùn fẹ́ gé kì í ráyè ṣa ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnu ti mọ̀ láti ogún ọdún ló máa jáde.

Àǹtí mi fún mi ní fóònù kan àti ìwé kan. "Má fo ẹnikẹ́ni," ni wọ́n sọ. "Láàárín ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ọwọ́ àwọn èèyàn wà."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lọ sílé tààrà láti ilé ẹ̀kọ́. Mo ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin náà kiri pẹ̀lú fóònù, mo ń kà. Àwọn kan ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n ní mo ti di agbowó orí ohùn. Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀ ní tiwọn sọ pé, "Bí ìyàwó mi bá ń bu oúnjẹ, kò gbọ́ 'ó tó' lẹ́nu mi rí. Ẹ̀rọ yìí ti wá gbọ́ ọgọ́rùn-ún." Ní ti "òótọ́" tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó má bàa ṣì í gbọ́, n ò bẹ ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ tó ọ̀ọ́dúnrún ìgbà láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohùn èèyàn mẹ́fà ti pé. Ó ku ti bàbá mi.

Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì máa ń kúrò gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá wà nídìí ayùn, wọn kì í fẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá délé, oorun á ti gbé wọn kí wọ́n tó bọ́ bàtà kejì. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ Àìkú ló máa dáa jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, màmá mi wà níbi iṣẹ́ nílé ìwòsàn, nítorí nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Bàbá mi jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì. Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, èkejì wà nílẹ̀. Mo gbé fóònù síwájú wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ìyá mi," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Ohùn bàbá mi ti bà jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú igi ló bà á jẹ́. Ó ti ń kóra jọ sí wọn lọ́fun láti ọdún gbọọrọ, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń fi pépà ha pákó. Ẹni tó mọ̀ wọ́n nìkan ló lè mọ̀ pé "ó tó" ni wọ́n sọ, pé kì í ṣe "òótọ́."

"Ó tó," ni wọ́n ń sọ. "Ó tó. Ó tó." Nígbà tí wọ́n sọ ìkẹwàá, ojú wọn ti ń pa dé. Nígbà tó di ìkọkànlá, "Ó" nìkan ló jáde. Èyí tó kù lọ sínú oorun.

Mo jókòó síwájú wọn. Ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún, ó tóbi, ó le, ọmọ-ìka tí kò lórí yẹn sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lójú oorun. N ò lè jí wọn. Bí mo bá sọ pé ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí n jí wọn, mi ò parọ́. Àmọ́ ó ti rẹ èmi náà. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń ka ọgọ́rùn-ún, mo sì fẹ́ kó tán.

Ìgbà yẹn ni Gíláàsì wọlé. Ọmọ kíláàsì mi ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni; nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò ni gbogbo wa ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá yá rúlà. Ó bi mí pé ṣé mo ṣì ń ṣa ohùn kiri ni. Ó ní tòun ti parí láti ọjọ́ Ẹtì: ìwé ẹ̀gbọ́n òun láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lòun dà kọ, déètì nìkan lòun yí padà. Mo fi bàbá mi hàn án. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ohùn ọmọ ò sáà jìnnà sí ti baba. Yá wọn ní tìẹ."

"Ẹ̀rọ máa mọ̀."

"Ẹ̀rọ wo? Ṣebí ìwọ lo máa sọ fún un pé baba ẹ nìyẹn. Ohun tí o bá ní kó gbà ló máa gbà."

Mo fún un ní rúlà, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù, mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ àgbọ̀n mi mọ́ àyà, mo fa ohùn wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo sì sọ pé, "Ó tó." Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa fi dé ogójì, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo máa fi dé àádọ́rùn-ún, ohùn náà ti bá mi lára mu bí aṣọ tí mo ti ń wọ̀ tipẹ́.

Mo sọ ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ mẹ́wàá tí bàbá mi sọ. Wọn ò jọ tèmi rárá. Bí wọ́n bá wà pa pọ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó sọ wọ́n. Nítorí náà, mo pa mẹ́wàá tó jẹ́ ojúlówó rẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: Bàbá, ọgọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́ Ajé, tísà sáyẹ́ǹsì gba iṣẹ́ mi, wọ́n kà á lójú gbogbo kíláàsì. Wọ́n ní ọmọ tó bá lè jókòó gba ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ohùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sùúrù rẹ̀ tó ti àgbà. Wọ́n fún mi ní máàkì méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Gíláàsì fi orúnkún gún mi lábẹ́ tábìlì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí mi gbé ráútà náà kọ́ sára ògiri ilé ìlagi. Wọ́n dán an wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ké "Ó tó" lọ́kọ̀ọ̀kan, ayùn sì ń kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; kò gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀ máa sọ tiwọn. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún un sọ, ayùn ń yí lọ ní tirẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀ ní láti oṣù mẹ́ta tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti dé, ọjọ́ yẹn ni òun tó lómìnira láti gba ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn gbọ́.

Bàbá mi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ti rán wọn tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ kó ìtì igi nínú igbó, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa tó dé. Àǹtí mi wo inú ìwé mi, wọ́n sì bi mí bóyá ká dúró dè wọ́n ká tó parí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ń wo aago. Ojú Àǹtí mi ti wọnú. Ilé iṣẹ́ méjì ṣì ń retí wọn lọ́jọ́ yẹn.

"Ohùn wọn wà níbẹ̀, Àǹtí," ni mo sọ. "Ó pé ọgọ́rùn-ún."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," ni Àǹtí mi sọ, wọ́n sì pa ìwé dé.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pe bàbá mi lórí fóònù pé kí ọkàn wọn balẹ̀, pé ẹ̀rọ ti mọ ohùn wọn. Mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi láti inú fóònù, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Ọ̀gá náà ò fi àkókò ṣòfò. Ó mú ọkùnrin tó ń dúró ti ọwọ́ ìpaná kúrò níbẹ̀, ó ní kó lọ máa to pákó níta.

Mo fi gbogbo Ọjọ́rú jókòó sí kíláàsì láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Mo ti pinnu pé bí bàbá mi bá ti dé, màá sọ fún wọn. Mo ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí mo ṣe ń rìn lọ sí ilé ìlagi, mo ń yọ ọ̀rọ̀ kan, mo ń fi òmíràn sí i. Mo tilẹ̀ dúró lójú ọ̀nà kí n lè tò ó dáadáa. Mo rò pé mo ṣì ní àkókò.

Nígbà tí mo máa fi dé ẹnu ọ̀nà, ayùn ti ń yí. Bàbá mi ti dé láti igbó, wọ́n sì ti wà nídìí ìtì igi àkọ́kọ́. Wọ́n ń tì í wọlé láti apá kan, Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀ ń fà á láti òdìkejì. Ẹ̀gún igi kan tó yọ síta há mọ́ ìbọ̀wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà kan náà ni igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà, tó ń wọ́ ọwọ́ wọn bọ̀ sẹ́nu ayùn.

Bàbá mi fi gbogbo ara di igi náà mú. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, á fò padà, ọwọ́ náà á sì bá a lọ. Wọ́n ké pé, "Ó tó!"

Ayùn ń yí.

"Ó tó!" Ohùn náà ha bí pépà. "Ó tó!"

Kò sí ẹnì kankan nídìí ọwọ́ ìpaná. Bọ̀ọ̀dá la ẹnu, ohùn ò jáde; àwọn tó kù sì wà níta, wọ́n ń já igi kúrò nínú ọkọ̀. Mo rí ojú bàbá mi tó gbé sókè wo agolo máìkì náà, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn ilé ẹbí rẹ̀ tí wọn ò ṣí i. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn ló mọ̀ sí bàbá mi.

Mo ju báàgì sílẹ̀. Mo tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, mo fa ohùn balùwẹ̀ yẹn jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo sì ké e.

Ayùn kú. Kò gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àkànṣe mi pé ó máa rí.

Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀ jókòó sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ìbọ̀wọ́ jáde, wọ́n sì ń wò ó bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ilé ìwòsàn tí màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé wọn lọ. Màmá mi ló di ọwọ́ náà mú nígbà tí dókítà ń rán an. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni. Kò sí ìka tó gé, ṣùgbọ́n dókítà ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọwọ́ náà ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àǹtí mi ti dé. Ọ̀gá ti ń sọ pé kí wọ́n tú ráútà wọn kúrò lára ògiri òun, pé ẹ̀rọ tí kò gbọ́ igbe ò yàtọ̀ sí bíríkì. Àǹtí mi ṣí àkọsílẹ̀ tó wà nínú ráútà náà, wọ́n kà á sókè, ojú wọn sì ń dàrú bí wọ́n ṣe ń kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ẹni tí a kò mọ̀, òótọ́. Ẹni tí a kò mọ̀, òótọ́. Ẹni tí a kò mọ̀, òótọ́. Bàbá, ó tó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ pè é gbẹ̀yìn," ni Àǹtí mi sọ.

"Rárá," ni bàbá mi sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn mi ti tán."

Bí mo bá fẹ́ dákẹ́, mo lè ṣe é. Wọ́n á dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ̀rọ ò lẹ́nu. Àmọ́ Àǹtí mi ni wọ́n máa lé lọ pẹ̀lú rẹ̀, bàbá mi sì máa padà sídìí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

"Ohùn mi ni," ni mo sọ. "Èmi ni mo pe ara mi ní Bàbá." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àga dé inú balùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lójú ọ̀nà ti dàrú; bó ṣe wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ ọ́.

Àǹtí mi jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọ̀gá ń mi orí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá mi bi mí.

"Èyí tí mo sọ fún ẹ lórí àga ńkọ́?"

"Mẹ́wàá péré ni, Bàbá mi. Mo ti pa wọ́n rẹ́."

"Mo rò pé mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni wọ́n sọ, wọ́n sì dìde lọ gbá lẹ́búlẹ́bú igi tó wà nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá tísà sáyẹ́ǹsì. Máàkì méjìdínlọ́gbọ̀n di mẹ́sàn-án. Wọ́n ní wọn ò fún mi ní òdo nítorí pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wá jẹ́wọ́. Gíláàsì ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń bẹ̀rù pé màá dárúkọ òun. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Òun kọ́ ló wọ balùwẹ̀.

Bàbá mi ló mú mi lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Mo ń retí kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn yẹn, èyí tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ayé. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Ọ̀gá gbà fún Àǹtí mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin tó ń dúró ti ọwọ́ ìpaná padà sáyè rẹ̀, èmi náà sì padà sídìí fóònù. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí wọ́n sì ráyè sinmi, bàbá mi á jókòó sórí ìtì igi, màá jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á sì máa sọ ọ́. Wọ́n á sọ márùn-ún, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á mumi. Wọ́n á tún sọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n dé orí ìkàádọ́rin, oorun gbé wọn lọ. Mi ò jí wọn, mi ò sì gbé fóònù lọ síbì kankan. Mo dúró títí wọ́n fi lajú, tí wọ́n ní, "A bá a dé ibo?"

"Àádọ́rin, Bàbá mi. Ó ku ọgbọ̀n."

Lọ́jọ́ tí a tún un dán wò, bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìrọ̀lẹ́ ni, ohùn wọn sì ti wọlẹ̀ tán. Wọ́n ké e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn yẹn ha, ó ya, ayùn sì kú mọ́ wọn lẹ́nu. Àǹtí mi mí kanlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Òótọ́-Ọ̀rọ̀, tí wọ́n wá wo iṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n gbé kọ́rùn, dúró sẹ́yìn mi. Nígbà tí wọ́n tan ayùn padà, ẹnì kan sọ pé ó jọ pé ẹ̀rọ yìí ti gbọ́n báyìí.

"Òótọ́ ọ̀rọ̀," ni Bọ̀ọ̀dá sọ. Ayùn ń yí lọ. Ni mo bá bú sẹ́kún.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Mo ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, àmọ́ mo ti rí ibi tó kù sí. Kí òótọ́ tó lé e bá, irọ́ á ti gba ibi ọwọ́ ẹnì kan kọjá. Àǹtí mi gbé èrò kúrò lókè òkun wá sára ògiri, kí èsì má bàa pẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó wà nínú ewu. Èmi ní tèmi rán òótọ́ gba ọ̀nà jíjìn, láti ọjọ́ Àìkú títí di Ọjọ́rú, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ jókòó síwájú mi lórí àga, pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ má jókòó máa to ọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, fún ẹni tó wà nítòsí, kó tó pẹ́ jù.